Ẹ̀KỌ́ KẸRÌNLÁ: ỌGBÀ INÚ ÀPÒ NÍ Ẹ̀BÁ ÈBÚTÉ KÚTỌNU

Ọ̀rọ̀ tí a ó bá pàdé

Ẹ kà wọ́n sókè lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́.

èbúté: ibi tí ọkọ̀ ojú omi ń gúnlẹ̀ sí
alábàárù: ẹni tí ń ru ẹrù fún owó
ajílẹ̀: ohun jíjẹrà tí ń mú ilẹ̀ lọ́ràá
àmì: ohun tí a kọ tàbí tí a yà láti fi ìtumọ̀ hàn
májèlé: ohun tí ń pa ènìyàn bí ó bá wọ inú ara

1. Èbúté náà

Kútọnu ni ìlú tí ó tóbi jù lọ ní orílẹ̀-èdè Benin. Òkun wà ní gúúsù rẹ̀. Ọ̀sà Nokoué wà ní àríwá rẹ̀. Èdè Fọ̀n ni orúkọ ìlú náà ti wá. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni "ẹnu odò ikú". Ṣùgbọ́n lónìí, ohun tí ó ń ti orí omi wá ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ibẹ̀ fi ń jẹun.

Láyé àtijọ́, ọkọ̀ òkun ńlá kò lè sún mọ́ etí òkun Kútọnu. Ìgbì òkun le púpọ̀ níbẹ̀. Ọkọ̀ ńlá yóò dúró lójú omi lọ́hùn-ún, ọkọ̀ kékeré yóò sì lọ kó ẹrù rẹ̀ wá. Ní ọdún 1891, àwọn Faransé bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ afárá irin kan wọ inú òkun, kí ẹrù lè máa gba orí rẹ̀ dé ilẹ̀. Afárá náà ni wọ́n lò fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Orílẹ̀-èdè náà gba òmìnira ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ ọdún 1960. Dahomey ni wọ́n ń pè é nígbà náà. Ọdún 1975 ni ó yí orúkọ padà sí Benin. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ ọdún 1965, wọ́n ṣí èbúté tuntun tí omi rẹ̀ jinlẹ̀. Láti ìgbà náà ni ọkọ̀ ńlá ti ń wọlé wá gúnlẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ìrẹsì ń gba ibẹ̀ wọlé. Epo mọ́tò, ẹja dídì àti ọkọ̀ àlòkù náà ń gba ibẹ̀ wọlé. Òwú àti kaṣú ń gba ibẹ̀ jáde lọ sí òkè òkun. Orílẹ̀-èdè Niger kò ní òkun, nítorí náà, ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn oníṣòwò rẹ̀ fi gba ẹrù wọn ní Kútọnu.

2. Ọjọ́ tí iṣẹ́ kò sí

Iṣẹ́ èbúté kì í ṣe iṣẹ́ tí ó dọ́gba lójoojúmọ́. Bí ọkọ̀ bá dé, alábàárù yóò rí owó. Bí ọkọ̀ kò bá dé, yóò padà sílé lọ́wọ́ òfo. Nígbà mìíràn, ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọ̀nà jíjìn ni ó ń dá iṣẹ́ dúró.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, Nàìjíríà ti ẹnubodè ilẹ̀ rẹ̀. Kò bẹ̀rẹ̀ sí ṣí i títí di oṣù kejìlá ọdún 2020. Ìrẹsì àti ọkọ̀ àlòkù tí ń ti Kútọnu lọ sí Nàìjíríà dín kù. Ní oṣù keje ọdún 2023, àwọn ológun gba ìjọba ní Niger. Wọ́n ti ẹnubodè tí ó wà láàárín Benin àti Niger. Ẹrù àwọn ará Niger há sí èbúté. Alábàárù kò mọ ohunkóhun nínú ọ̀rọ̀ ìjọba wọ̀nyí, ṣùgbọ́n ìkòkò ọbẹ̀ ilé rẹ̀ mọ̀ ọ́n lára.

Àwọn àgbà ní, "Bí oúnjẹ bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe." Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ìdílé kan lè ṣe nínú àgbàlá tirẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a mú ilé kan ṣe àpẹẹrẹ. Baálé ilé náà ń ru ẹrù ní èbúté. Ìyàwó rẹ̀ ń ta àkàrà ní òwúrọ̀, ó sì ń lọ sí kíláàsì ẹ̀kọ́ àgbà ní ìrọ̀lẹ́. Ìyá àgbà ń gbé pẹ̀lú wọn. Ọmọ mẹ́ta ni wọ́n bí. Àgbàlá wọn kéré. Yanrìn ni ilẹ̀ rẹ̀, ilé náà kì í sì í ṣe tiwọn, owó ni wọ́n ń san síbẹ̀.

3. Ọgbà tí a lè gbé

Yanrìn ni ilẹ̀ Kútọnu. Yanrìn kì í di omi mú. Bí a bá bomi sí i ní òwúrọ̀, ìgbà tí yóò fi di ọ̀sán, ó ti gbẹ. Síbẹ̀, ẹ̀fọ́ ń hù lórí yanrìn bí a bá tọ́jú rẹ̀. Ní Houéyiho, nínú ìlú Kútọnu, àwọn olọ́gbà fi ọ̀pọ̀ ọdún gbin ewébẹ̀ fún ọjà lórí yanrìn báyìí. Ajílẹ̀ àti omi ni àṣírí iṣẹ́ wọn.

Ìdílé wa kò ní ilẹ̀ bí tiwọn. Inú àpò ni wọ́n ń gbin ẹ̀fọ́ sí. Àpò dára fún ìdí mẹ́ta. Kò gba àyè púpọ̀. Bí òjò bá pọ̀, tí omi sì kún àgbàlá, a lè gbé e sí orí búlọ́ọ̀kù. Bí onílé bá ní kí a kó jáde, ọgbà yóò bá wa lọ.

Báyìí ni a ṣe ń ṣe é:

(1) Ẹ wá àpò ìrẹsì tí ó ti ṣófo. Ẹ lu ihò mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá sí ìdí rẹ̀ kí omi lè máa jáde.

(2) Ẹ tẹ́ èèpo àgbọn gbígbẹ sí ìsàlẹ̀. Èèpo àgbọn ń mu omi, ó sì ń tọ́jú rẹ̀ fún gbòǹgbò.

(3) Ẹ po garawa yanrìn kan mọ́ garawa ajílẹ̀ kan. Ẹ rọ ọ́ sínú àpò títí yóò fi kù díẹ̀ kí ó kún. Ẹ ká etí àpò sílẹ̀.

(4) Ẹ bomi sí i. Ẹ jẹ́ kí ó sùn mọ́jú kí ẹ tó gbìn.

Ẹ má ṣe lọ bu yanrìn etí òkun. Iyọ̀ wà nínú rẹ̀, iyọ̀ a sì máa pa ẹ̀fọ́. Ìdí kejì tún wà. Lẹ́yìn tí wọ́n kọ́ èbúté, yanrìn tí ìgbì ń wọ́ láti ìwọ̀ oòrùn kò lè kọjá mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ó ń kó jọ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Òkun wá bẹ̀rẹ̀ sí jẹ ilẹ̀ ní ìhà ìlà oòrùn, ó sì ti gbé ọ̀pọ̀ ilé lọ. Ẹni tí ó bá ń wa yanrìn etí òkun ń ran òkun lọ́wọ́ láti jẹ ilẹ̀ ni.

Ajílẹ̀ kò gba owó. Ẹ kó ewé gbígbẹ, èèpo iṣu, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ìgbẹ́ adìyẹ jọ. Ẹ tò wọ́n lé ara wọn ní ìpele ìpele. Ẹ fi eérú díẹ̀ sí i. Ẹ bomi sí i kí ó tutù, ṣùgbọ́n kí ó má ṣe rin gbingbin. Ẹ bò ó. Ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì, ẹ yí i padà. Lẹ́yìn bí oṣù mẹ́ta, yóò dúdú, kò sì ní rùn mọ́. Nígbà náà ni ó tó lò. Ẹ má ṣe da ìgbẹ́ adìyẹ tútù sí ìdí ẹ̀fọ́ rárá. Yóò jó o.

Ní ìlú Àjàṣẹ́, tí a tún ń pè ní Porto-Novo, àlùfáà Àgùdà kan, Godfrey Nzamujo, dá ilé ẹ̀kọ́ àgbẹ̀ Songhaï sílẹ̀ ní ọdún 1985. Lára ohun tí wọ́n ń kọ́ni níbẹ̀ ni pé kí ohunkóhun má ṣòfò: ìdọ̀tí ẹran di oúnjẹ ilẹ̀, ilẹ̀ di oúnjẹ ènìyàn. Ohun tí wọ́n ń ṣe ní oko ńlá ni ìdílé wa ń ṣe nínú àpò.

4. Kí ni a ó gbìn?

Tẹ̀tẹ̀ ni ó yá jù. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin, ó tó já. Irúgbìn rẹ̀ kéré bí iyanrìn. Kí ó má baà hù jọ lójú kan, ẹ po ó mọ́ yanrìn gbígbẹ kí ẹ tó fọ́n ọn. Ewédú tẹ̀ lé e. Gbọma, tí àwọn ará Kútọnu fẹ́ràn nínú ọbẹ̀, a máa pẹ́ díẹ̀ jù wọ́n lọ. Ṣùgbọ́n bí a bá ń já ewé rẹ̀ tí a kò fa gbòǹgbò rẹ̀ tu, yóò máa rúwé síwájú sí i. Èfínrín, tí àwọn Fọ̀n ń pè ní tchiayo, wúlò fún ọbẹ̀ àti fún àgbo. Ẹ gbìn ín sí ẹ̀gbẹ́ ilé ìdáná.

Ní gúúsù Benin, òjò ńlá a máa rọ̀ láti oṣù kẹrin sí oṣù keje. Òjò kékeré a máa rọ̀ láti oṣù kẹsàn-án sí oṣù kọkànlá. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ bomi sí ẹ̀fọ́ ní òwúrọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́. Ẹ má ṣe bomi sí i ní ọ̀sán gangan. Bí kòkòrò bá ń jẹ ewé, ẹ fi ọwọ́ ṣà wọ́n, kí ẹ sì ku eérú sí ewé náà. Ẹ fọ ẹ̀fọ́ dáadáa kí ẹ tó sè é.

Táyà àtijọ́ náà ṣe é gbìn sí. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: omi òjò a máa dúró nínú táyà, ẹ̀fọn a sì máa yé sínú rẹ̀. Ẹ lu ihò sí i, kí ẹ sì fi ilẹ̀ kún un dé etí. Táyà tí ẹ kò bá lò, ẹ má ṣe fi í sílẹ̀ nínú òjò.

5. Dúróòmù aláwọ̀ búlúù

Ní ọjọ́ kan, baálé ilé náà ra dúróòmù oníke kan ní ọjà. Àwọ̀ búlúù ni, ó lágbára, owó rẹ̀ kò sì pọ̀. Inú rẹ̀ dùn. Ó gbé e wọlé, ó ní, "Omi ọgbà ti ní ilé báyìí. Bí ẹ̀rọ omi kò bá yọ, a ó máa bù níbẹ̀ mu pàápàá."

Ìyàwó rẹ̀ yí dúróòmù náà ká. Ó rí ìwé kan tí ó ti fẹ́ ya tán lára rẹ̀. Ó fi ìka tọ lẹ́tà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí wọ́n ti kọ́ ọ ní kíláàsì: P, O, I, S, O, N. Lókè lẹ́tà náà, ó rí àwòrán agbárí òkú àti egungun méjì.

Ó ní, "Bàbá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì rọ omi sí i. Ọ̀rọ̀ yìí wà nínú ìwé wa. Májèlé ni ìtumọ̀ rẹ̀."

Ọkọ rẹ̀ ní, "Ṣùgbọ́n ó ti ṣófo. A ó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́."

Ìyá àgbà ní, "Ọṣẹ kì í fọ ohun tí ike ti mu. Dá a padà, ọmọ mi."

Ó dá a padà ní ọjọ́ kejì. Ìdajì owó rẹ̀ péré ni ẹni tí ó tà á fún un dá padà. Ó dùn ún. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó dé ilé, tí ó rí àwọn ọmọ rẹ̀ tí wọ́n ń bu omi mu nínú ìkòkò amọ̀, kò bá ẹnikẹ́ni jà nítorí owó mọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rù lásán. Ní ọdún 1999 àti 2000, àwọn ènìyàn kú ní agbègbè Borgou ní àríwá Benin nítorí oògùn òwú kan tí a ń pè ní endosulfan. Lára ohun tí ó fà á ni oúnjẹ tí oògùn náà kàn, àti ike oògùn tí àwọn ènìyàn tún lò nínú ilé. Ní ọdún 2011, àwọn orílẹ̀-èdè àgbáyé fi endosulfan kún àwọn oògùn tí wọ́n pinnu láti fi òpin sí.

Ẹ kọ́ àwọn ọ̀rọ̀ yìí sórí. Èdè Faransé ni wọ́n, ẹ ó sì máa rí wọn lára àpò àti dúróòmù:

RIZ: ìrẹsì
SUCRE: ṣúgà
ENGRAIS: ajílẹ̀ tí a rà, tí a fi kẹ́míkà ṣe
POISON: májèlé

Àpò RIZ àti àpò SUCRE dára fún ọgbà. Ẹ má ṣe fi àpò ENGRAIS kó oúnjẹ. Ohunkóhun tí ó bá ní POISON tàbí àwòrán agbárí lára, ẹ má ṣe mú un wọlé rárá. Bí kò bá sì ní ìwé lára, tí ẹ kò mọ ohun tí ó ti wà nínú rẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀.

6. Iṣẹ́ ọwọ́ ní ìrọ̀lẹ́

Pákó tí wọ́n fi ń di ẹrù náà ní ohun tí a lè kà lára rẹ̀. Ní ọdún 2002, òfin àgbáyé kan jáde pé kí a kọ́kọ́ pa kòkòrò inú irú igi bẹ́ẹ̀ kí ó tó kọjá láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn. Wọ́n a máa tẹ àmì sí i lára. Ẹ ó rí àwòrán ṣírí ọkà. Ẹ ó rí lẹ́tà méjì tí ó dúró fún orílẹ̀-èdè: FR ni Faransé, CN ni Ṣáínà. Lẹ́yìn náà, ẹ wá HT tàbí MB. HT ni pé iná gbígbóná ni wọ́n fi pa kòkòrò rẹ̀. Igi bẹ́ẹ̀ dára. MB ni pé gáàsì olóró ni wọ́n fi pa á. Ẹ má ṣe fi igi MB ṣe ohun èlò ilé, ẹ má sì ṣe fi dáná.

Ẹ ra pákó lọ́wọ́ àwọn tí ń tà á, tàbí kí ẹ gba àṣẹ kí ẹ tó mú un. Ohun tí ó wà ní èbúté ní olówó, bí ó tilẹ̀ dà bí ìdọ̀tí.

Ní ìrọ̀lẹ́ tí iṣẹ́ kò sí, baálé ilé wa fi ayùn gé pákó HT. Ó fi ṣe àpótí ìjókòó kan fún ìyá rẹ̀. Ìṣó tí ó yọ lára pákó, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin fi òòlù tẹ́ wọn kí wọ́n lè tún wúlò. Ọmọ rẹ̀ obìnrin fi ìṣó lu ihò wẹ́wẹ́ sí ìdí agolo mílíìkì ńlá. Ohun tí wọ́n fi ń wọ́n omi sí ẹ̀fọ́ nìyẹn. Àbíkẹ́yìn fi agolo kékeré àti ìdérí ìgò ṣe ọkọ̀ ẹrù. Ó so okùn mọ́ ọn, ó ń wọ́ ọ káàkiri, ó ní òun ń kó ìrẹsì lọ sí Niger.

Ìyá àgbà ń ha ìgbálẹ̀ láti ara imọ̀ ọ̀pẹ. Wọ́n ń pa àlọ́ bí ọwọ́ wọn ti ń lọ. Ìyàwó ilé ń fi abẹ́rẹ́ ńlá rán etí àpò tí ó ya. Kò sí ẹni tí ó jókòó lásán, kò sì sí ẹni tí ó ń kánjú. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèǹgbè. Baálé tí ó ti fi èjìká ru ẹrù ẹlẹ́rù ní ọ̀sán, ó fi ọwọ́ ṣe nǹkan tirẹ̀ ní alẹ́.

7. Ìwé ọgbà

Ìyàwó ilé ní ìwé kékeré kan. Inú rẹ̀ ni ó ń kọ ọjọ́ tí wọ́n gbin ẹ̀fọ́, ọjọ́ tí wọ́n já a, àti owó tí wọn kò ná. Ẹ jẹ́ kí a bá a ṣírò.

Tẹ́lẹ̀, ó ń ra ẹ̀fọ́ 200 fúráǹkì, lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀.
200 lọ́nà 3 jẹ́ 600 fúráǹkì lọ́sẹ̀.
600 lọ́nà 4 jẹ́ 2,400 fúráǹkì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin.

Owó yìí kò lè kọ́ ilé. Ṣùgbọ́n ó lè ra ìwé àti bírò fún ọmọ. Ní ọjọ́ tí ọkọ̀ kò bá dé, ewé gbọma wà nínú àpò. Ẹni tí ó padà sílé lọ́wọ́ òfo yóò bá ọbẹ̀ lórí iná, yóò sì bá àwọn ènìyàn rẹ̀ lórí àpótí tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kàn.

Ìbéèrè

1. Ọdún wo ni wọ́n ṣí èbúté tuntun ní Kútọnu?
2. Kí ló dé tí iṣẹ́ alábàárù kò fi dọ́gba lójoojúmọ́? Ẹ sọ ìdí méjì.
3. Kí ló dé tí kò fi yẹ kí a bu yanrìn etí òkun fún ọgbà?
4. Ọ̀rọ̀ wo ni ìyàwó ilé kà lára dúróòmù? Kí ni ì bá ṣẹlẹ̀ bí kò bá lè kà á?
5. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín HT àti MB?

Iṣẹ́ ṣíṣe

Ẹ mú àpò kan tàbí agolo kan wá láti ilé. Ẹ ka ohun tí a kọ sí i lára fún kíláàsì. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ gbólóhùn mẹ́ta nípa ohun tí ẹ̀yin àti àwọn ará ilé yín jọ fi ọwọ́ ṣe.